Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbẹ́ Ère Màríà?

Ní ọdún 1947 ni àwọn Fádà S.M.A. ti ilẹ̀ Áyálándì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll ni ó ń mójú tó o títí di ọdún 1954. George Bándélé, ọmọ Areogun ti Òsì, ni ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀. Lamidi Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí í ṣe Mùsùlùmí, sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn Jésù ni wọ́n ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ọba Yorùbá ni àwọn amòye inú rẹ̀ jọ.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí kò pe Jésù ní Olúwa gbẹ́ ère ìyá rẹ̀ fún ilé ìsìn? Ní Ladi-Lak níhìn-ín, níbi tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpè ládàánì ti ń dá ara wọn lóhùn, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní irọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ pa.

N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kì í bi agbẹ́gilére léèrè òrìṣà tí ó ń sìn kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún un. Areogun gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ opó, ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá àti ère Ẹpa. Igi ni gbogbo rẹ̀ títí àwọn olùsìn yóò fi gbé e dé ojúbọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí agbẹ́gilére lè dá ni ìgbẹ́kúgbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá wo abiyamọ ní àwòfín kí ó tó mú àáké, òtítọ́ ni ó sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù wà níwájú. Bí ó bá jẹ́ pé ìlò ni ó ń sọ igi di ohun mímọ́, kí ni a óò pe ère tí a gbé kúrò níbi ìlò? Àwọn ajíhìnrere ìṣáájú mú kí a sun ère púpọ̀, wọ́n sì kó òmíràn lọ sí Yúróòpù. Lónìí S.M.A. ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Tenafly, ní Amẹ́ríkà, a sì ti pàtẹ iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ níbẹ̀. Ère òrìṣà àti ère Màríà wá di ará ilé kan náà. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ń kúnlẹ̀ fún. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ sàn ju kí ikán jẹ ẹ́ lọ. Òótọ́ ni, ikán kò mọ ọnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikán bá jẹ opó ààfin, ọba a ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére, ọmọ rẹ̀ a sì bá a gbé àpò irinṣẹ́ lọ. Ta ni yóò ránṣẹ́ sí Òsì nítorí ère tí ó wà nínú gíláàsì?