Irinwó Ó Lé Ọ̀kan

Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sin sí okùn kan, okùn mẹ́ta péré ni owó ìwé náà. Bí owó bá wá pọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ọwọ́ a máa wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún, ogún á pé, ọgọ́rùn-ún á pé, títí dé ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Nínú kíkà yìí, ẹni tó bá ti ka ẹ̀rìnlá tán kì í wẹ̀yìn: ogún tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló ń wò tó fi ń pe ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún dín lógún. Ìgbàgbọ́ nìyẹn, lójú tèmi.

Àwọn baba wa ò sì jẹ́ kí kíkà parí. Wọ́n ka irinwó irúnmọlẹ̀, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e.

Ẹ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo wò. Èso mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, odù 256 ló tibẹ̀ jáde. Ìyẹn ṣeé kà tán. Ká wá ní okùn ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà kò lópin ńkọ́, tí ẹnì kan ní òun ti to gbogbo odù rẹ̀ tẹ̀léra, èkíní, èkejì, lọ títí ayé? Mú èso kìíní nínú odù kìíní: bó bá ṣí, dé e, bó bá dé, ṣí i. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún èso kejì odù kejì, ẹ̀kẹta odù kẹta, má dúró. Odù tí o dá yìí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó tò. Ọ̀kan ṣì lé! Georg Cantor, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló gbé irú ẹ̀rí yìí kalẹ̀ lọ́dún 1891, pé àìlópin kan ju òmíràn lọ. Onígbàgbọ́ ni; ó ní èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ, ti Ọlọ́run ni.

Wóro dídán ara òkúta Olúmọ pọ̀, iyanrìn Odò Ògùn náà pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lópin. Èyí tí mo ń torí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Olódùmarè ni pé ó fi ìrònú ohun tí kò lópin sínú agbárí tí fìlà abetí-ajá kan ń bò tán.