Ìjánu Lẹ́nu Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹni tí ó bá gun ẹṣin kò lè ṣe aláìní ìjánu lọ́wọ́; bí ẹṣin bá sì ti lágbára tó ni ìjánu rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí ń gba ojú pópó kọjá lọ́sàn-án àti lóru. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n a máa fi ẹ̀rọ kan sínú wọn tí ń ṣọ́ eré wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ìwọ̀n eré tí a là sílẹ̀ fún un, ẹ̀rọ yìí a dín epo tí ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì kù. Bí awakọ̀ tilẹ̀ fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà kò ní í sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ó mú kí oníṣòwò, ẹni tí ń fẹ́ kí ẹrù òun tètè dé ọjà, máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín eré ọkọ̀ rẹ̀ kù? Àti pé, ìwà rere tí a fi ẹ̀rọ múni hù, ǹjẹ́ ó yẹ kí a pè é ní ìwà rere?

Òfin ni ìdí kìíní. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 12 lọ ní ẹ̀rọ tí kò ní í jẹ́ kí ó sáré ju kìlómítà 90 lọ ní wákàtí kan. Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára òfin béèrè irú ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ìjọba àpapọ̀ kò ti sọ ọ́ di dandan, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe é láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún wọn. Òfin nìkan kọ́, nígbà náà, ni ìdí rẹ̀.

Èrè ni ìdí kejì. Afẹ́fẹ́ tí a kò fi ojú rí a máa di ọkọ̀ lọ́nà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin, epo ni a sì fi ń borí rẹ̀. Eré àsápajúdé a sì máa mú kí táyà gbóná, kí ó sì tètè jẹ.

Ẹ̀mí ènìyàn ni ìdí kẹta, òun ni ó sì tóbi jù. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ní agbára ìkọlù tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tí ń sá 50, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Gbogbo agbára yìí ni bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kí ọkọ̀ tó lè dúró.

Àwọn kan yóò wí pé nítorí owó epo ni oníṣòwò ṣe ń ṣe é, nítorí náà kò ní ìyìn kan. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọmọ tí ń sọdá títì ní Ṣágámù kò béèrè bóyá nítorí epo ni ọkọ̀ ṣe rọra bọ̀ tàbí nítorí ẹ̀mí òun. Kí òun ṣá dé òdìkejì ni. Iṣẹ́ rere tí èrè bá rìn pẹ̀lú rẹ̀ kì í di búburú.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ ọkàn olówó ọkọ̀: kí a wo aago rẹ̀. Ìrìn kìlómítà 360 gba wákàtí 4 fún ẹni tí ń sá 90 láìdúró. Ó gba wákàtí 6 fún ẹni tí ń sá 60. Bí ọ̀gá bá dín eré kù sí 60, tí ó sì tún pàṣẹ pé kí ẹrù dé ní wákàtí 4, tàbí tí ó bá ń san owó gẹ́gẹ́ bí iye ìrìn tí awakọ̀ rìn láìfi kún un, oorun àti oúnjẹ awakọ̀ ni ó ń gbà. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń fa ìjánu ẹṣin, ó sì ń fi pàṣán nà án lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀nba tí a kò fi dé orí ìwọra ara wa, ẹrù tí a dì lé ẹlòmíràn lórí ni.

Awakọ̀ pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ẹ̀rọ a máa dín epo kù, ṣùgbọ́n kì í tẹ bíréèkì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ìwúwo ẹrù nìkan tó láti tì í kọjá ààlà. Nígbà tí ó bá sì wọ ìlú, eré tí ẹ̀rọ gbà láàyè ti pọ̀ jù fún àdúgbò tí ọmọdé ti ń ṣeré. Níbẹ̀, ẹ̀rí ọkàn awakọ̀ nìkan ni ìjánu tí ó kù.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Ó dára kí a la ààlà sílẹ̀ nígbà tí ara wa balẹ̀, nítorí wákàtí ìkánjú kì í ṣe wákàtí ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ààlà fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò tí yóò fi lè pa á mọ́. Ẹni tí a sì la ààlà fún gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró kí ó tó dé ibẹ̀.