Gbèsè tí Ojú ń Jẹ

Nínú èdè wa, ohùn nìkan ni ó ya ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀ kúrò lára ọnà tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbẹ́. Àwọn ọ̀nà kan sì wà láyé tí ó jẹ́ méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀nà tí ó gun òkè Obudu, ní agbègbè Obanliku, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, nítòsí ààlà ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Orí òkè náà fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ọ̀nà yìí kò ju nǹkan bí kìlómítà 11 lọ, ṣùgbọ́n kọ́nà 22 ni a ń kà lára rẹ̀. Ọgbà màlúù ni wọ́n dá sílẹ̀ lókè náà ní 1951, nítorí pé òtútù ibẹ̀ bá ẹran ọ̀sìn lára mu. Nígbà tí ó yá, àwọn tí kò ní màlúù kankan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ, kí wọ́n ṣáà lè fi ojú jẹun.

Kí ni ó ń fa ènìyàn lọ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ẹ̀rù ni: pé ọmọ ènìyàn fẹ́ràn láti súnmọ́ ewu, kí ó sì padà sílé láìfarapa. Èrò yìí kò kún tó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù nìkan ni, à bá máa sanwó láti gba àwọn ọ̀nà tí kòtò ti jẹ tán, nítorí ẹ̀rù kò wọ́n níbẹ̀. Inú wa kì í dùn sí ewu tí àìbìkítà bí. Ní ọ̀nà òkè, ewu ti wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó dé. Ọgbọ́n ni ó wá bá a, tí ó fi ń yí ọ̀nà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tí gíga náà fi gbà. Ohun tí ó ń dùn mọ́ wa ni pé a rí ewu àti ìtọ́jú lójú kan náà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí i? Ẹ jẹ́ kí a wo inú ọkọ̀ kan tí ó ń gòkè. Èrò ń wo àfonífojì, wọ́n ń wo kùrukùru bí ó ti ń fà lórí koríko. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ wò ó: awakọ̀. Bí òun náà bá fi ojú jẹun ní ìṣẹ́jú kan péré, oúnjẹ gbogbo wọn parí. Nítorí náà, ẹwà tí èrò ń rí, ojú tí awakọ̀ kò fi wò ó ni wọ́n fi rà á.

Ẹnì kan lè wí pé, ‘A ti san owó ọkọ̀, gbèsè tán.’ Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó lè ra iṣẹ́ ọwọ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ra ìfarabalẹ̀ rẹ̀. Ìwà ni èyíinì, ẹni tí ó ní in ni ó ń fi í tọrẹ. Èrò tí ó bá ń pariwo pé kí ó sáré sí i, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń ná. Ó ń ná ẹ̀mí àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Ó sì ń ná ẹ̀mí ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní kọ́nà iwájú, nítorí àwọn ènìyàn Becheve ni ó ni orí òkè náà. Ìran kọ́ ni ọ̀nà yìí jẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ gbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀.

Ọkọ̀ tí ń rìn lórí okùn irin, tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ní 2005, tí okùn rẹ̀ gùn tó kìlómítà 4, kò pa gbèsè náà rẹ́. Ó kàn gbé e kúrò lọ́rùn awakọ̀ ni, ó gbé e fún ẹni tí ó ń yẹ okùn náà wò. Kò sí ìgbádùn kan tí kò sí ẹnì kan tí ń ṣọ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó sùn fọnfọn ní òru, ọdẹ ni kò sùn.

Mi ò wí pé kí a má gbádùn ẹwà. Ìmoore ni mo ń wí, èyí tí ó máa ń hàn nínú ìwà ju ẹnu lọ: kí a má kán awakọ̀ lójú, kí a má da ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà onílé, kí a má sì rò pé nítorí tiwa ni òkè ṣe dúró. ‘Ẹ kú ojú lọ́nà’ ni Yorùbá máa ń kí ẹni tí ń retí àlejò. Bí ó bá ku ẹnì kan tí ìkíni náà tọ́ sí gan-an, ẹni tí kò wo òkè kí àwa lè wò ó ni.