Ṣé Nọ́ńbà Lè Jẹ́rìí Èké?

Ní ọdún tí mo ṣe IT ní láàbù kan tó ń yẹ omi wò, wọ́n rán èmi àti ọ̀gá mi lọ bu omi ní odò kan tó ṣàn wọ inú ọ̀sà. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ti ń pariwo pé epo wà lójú omi, pé òórùn epo ń jáde lára ẹja. Bí a ṣe ń to ìgò sínú kúlà, ìyá àgbàlagbà kan tó ń fọ àwọ̀n lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi wa bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé omi yìí ò ní pa wá báyìí?" Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná. Èsì àyẹ̀wò ló máa sọ."

Mo gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Ìgbà tí èsì dé ni mo tó mọ̀ pé èsì kì í dá sọ̀rọ̀. Èèyàn ló ń bá a sọ ọ́.

Ìgò mẹ́rin la gbé bọ̀. Omi odò ló wà nínú mẹ́ta. Omi mímọ́ tí a gbé kúrò ní láàbù ló wà nínú ìkẹrin. Ó kàn bá wa lọ, ó bá wa bọ̀ ni. A ṣí i létí odò, a sì dé e padà. Blank ni wọ́n ń pè é ní láàbù. Èmi máa ń pè é ní ìgò ẹlẹ́rìí. Kò yẹ kí wọ́n rí epo kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, á jẹ́ pé ọwọ́ wa ni epo náà ti wá, tàbí ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tàbí inú ìgò tí a ò fọ̀ dáadáa.

Wọ́n rí epo nínú rẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi wo bébà, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Yọ ìyẹn kúrò jàre. Gbogbo wa la fojú rí epo lórí omi yẹn. Àbí o fẹ́ fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi gba ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn yẹn lọ́wọ́ wọn ni?" Mo yọ ọ́. Àánú ló mú wa ṣe é, kì í ṣe owó. Èmi gan-an rò pé ohun rere la ṣe.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹni tó ṣojú ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò bá wa jiyàn nípa epo rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Èsì blank yín dà?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Bí ìwé wa ṣe wó lulẹ̀ nìyẹn. Epo tí ìyá yẹn ń fojú rí lójoojúmọ́ di ohun tí kò lẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀, epo inú odò pọ̀ ju ti ìgò ẹlẹ́rìí lọ fíìfíì. Ká ní a kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ká sọ pé díẹ̀ yìí ti ọwọ́ wa wá, èyí tó kù ti odò ni, ẹjọ́ ì bá dúró.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà náà nìyí: ẹni tó parọ́ kó lè gbe òtítọ́ lẹ́yìn, ṣé rere ló ṣe?

Ẹ jẹ́ ká gba ọjà wò ó. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́, olè ni. Ẹni tó ra kóńgò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ ńkọ́, tí kò yí ìdí rẹ̀ wò rí látìgbà tó ti ń tajà? Mi ò ní pè é ní olè. Àmọ́ ìrẹsì tí oníbàárà gbé délé ò pé síbẹ̀. Inú rere kì í kún kóńgò. Ẹni tó gbé òṣùwọ̀n dání ló gbọ́dọ̀ máa yí ìdí rẹ̀ wò, kó sì jẹ́ kí oníbàárà náà wò ó.

Láàbù náà ní bó ṣe ń yí ìdí kóńgò tiẹ̀ wò. Wọ́n á bu omi kan náà sínú ìgò méjì: bí ọ̀kan bá sọ pé 5, tí èkejì sọ pé 12, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbì kan. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi epo tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú omi, ká sọ pé 10. Bí ẹ̀rọ bá rí 4 péré, ẹ̀rọ náà ò ríran. Wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan ìgò, àti aago tó gbà á, láti etí odò títí dé orí tábìlì. Omi tí wọ́n fẹ́ wá epo nínú rẹ̀, ìgò gíláàsì ni wọ́n ń bù ú sí, torí epo máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Bí o bá bu tìẹ sínú ike omi tí o mu tán, èsì rẹ lè kéré sí ohun tó wà nínú odò, á wá dà bíi pé ara odò ti yá.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni gbólóhùn kékeré yìí: "a kò rí i." Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà benzene nínú omi mímu sí máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan. Bí ẹ̀rọ kan ò bá lè rí ohun tó kéré sí 50, omi tó ní 40 á gba ìwé "a kò rí i", nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́rin ààlà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wọ yàrá tí iná ò sí, tó ní òun ò rí ejò, kò parọ́. Àmọ́ ta ló máa torí ìyẹn wọlé sùn?

Ẹ má sì rò pé kéèyàn ṣáà ti tẹ̀ lé òfin ti tó. Nílùú Flint ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi odò Flint fún ará ìlú ní 2014. Ní 2015, èsì 71 wọlé nípa òjé tó wà nínú omi ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n yọ méjì kúrò: ọ̀kan kì í ṣe ilé gbígbé, èkejì ní asẹ́ omi. Ìdí wà lóòótọ́. Àmọ́ omi ilé tó ní asẹ́ yẹn ní òjé 104, nígbà tó jẹ́ pé 15 ni ìwọ̀n tí ìjọba gbọ́dọ̀ dìde sí. Tí méjèèjì bá wà níbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dájọ́ ju 15 lọ. Bí wọ́n ṣe yọ wọ́n, ó wálẹ̀ sí 11. Nítorí ará ìlú ni ọ̀gá mi ṣe yọ ìgò tiwa. Èsì tiwọn mú kí ara ìjọba balẹ̀. Ohun tí ọwọ́ méjèèjì ṣe ò yàtọ̀: wọ́n kọ́kọ́ mọ ìdájọ́ tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n tó yan ẹlẹ́rìí.

Nílé níbí, ẹ wo ti Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìròyìn tí UNEP gbé jáde ní 2011 dúró lórí ohun tó ju 4,000 lọ tí wọ́n bù yẹ̀ wò, títí kan omi láti kànga 142 tí wọ́n dìídì gbẹ́ fún iṣẹ́ náà. Láàbù tó níwèé ẹ̀rí ló yẹ wọ́n wò. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n rí benzene tó ju ìlọ́po 900 ààlà lọ nínú kànga tí àwọn èèyàn ń mu. Ọdún 2016 kí ìjọba tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìtọ́jú ilẹ̀ náà. Ẹ̀rí tó dúró kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìròyìn yẹn náà ni gbogbo èèyàn ṣì ń tọ́ka sí.

Ẹnì kan á ní: ẹni tí kò lówó irú láàbù bẹ́ẹ̀ ńkọ́, ṣé kó panu mọ́ ni? Rárá o. Ẹ̀rí tó mẹ́hẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́. Bí èsì bá bàjẹ́, ìdájọ́ tó tọ́ ni pé kí a padà lọ bù ú. Títí dìgbà náà, kò yẹ kí ẹni tó ń mu omi ló máa ru ẹrù iyèméjì. Ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ló lágbára jù láti rù ú. Iṣẹ́ tiwa ni ká sọ nọ́ńbà pẹ̀lú àbùkù rẹ̀.

Mo ṣì ń rántí ìyá yẹn. Kò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi. Ohun tó yẹ kí n padà lọ sọ fún un ò tiẹ̀ gùn: "Mà, epo wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tí a rí, àwa la gbé e wá. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún un bù."