Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí kìíní, Élì rí i tí ètè Hánà ń mì, ó pè é ní ọ̀mùtí. Kò bèèrè kó tó sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún àwọn ọmọ kan ní Agége àti Ìkẹjà. Ó ti rẹ ìyá tó ti iléeṣẹ́ dé. Ọmọ kò jókòó jẹ́ẹ́, ó gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. A pè é ní olóríkunkun tàbí ẹmẹ̀rẹ̀, ẹgba sì tẹ̀ lé e.

Òótọ́ ni pé gbogbo ọmọdé ló ń sáré kiri. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó oṣù 6, tó rí bẹ́ẹ̀ nílé àti níléèwé, tó sì ń dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ẹ mú un lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà, kí dókítà sọ ohun tó jẹ́.

Nígbà tí Élì gbọ́ àlàyé, ó súre. Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́. Àmín.