Bíbo Àṣírí Níwájú Dókítà Akunilóorun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi pamọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọbìnrin kan ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ. Nọ́ọ̀sì béèrè oògùn tó ń lò, ìyá rẹ̀ sì yára dáhùn pé kò lo nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́kàn ìyá ni pé, bí aráyé bá gbọ́, ta ni yóò fẹ́ ọmọ òun? Ǹjẹ́ èyí wà lára àṣírí tí ẹ̀sìn wa ní kí á bò?

Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, orúkọ oògùn kì í sì í ṣe àlébù. Ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Chlorpromazine lè mú kí ìfúnpá já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kun aláìsàn lóorun. Lithium lè mú kí oògùn tí wọ́n fi ń dẹ iṣan pẹ́ lára ju bó ti yẹ lọ. Phenelzine, oògùn àtijọ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kò gbọdọ̀ pàdé pethidine, abẹ́rẹ́ ìrora, nínú ara kan náà: ara lè gbóná janjan, kí gìrì dé, kí ẹ̀mí sì bọ́. Kódà bí aláìsàn bá ti dá phenelzine dúró, agbára rẹ̀ ṣì ń wà lára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Bí dókítà bá mọ̀, ó lè yan oògùn mìíràn. Bí kò bá mọ̀ ńkọ́?

Àwọn kan á ní àwọn yóò kúkú pa oògùn náà tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, èyí tún burú jù. Lóòótọ́, wọ́n sábà máa ń dá lithium dúró ní wákàtí 24 ṣáájú iṣẹ́ abẹ ńlá, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò pàṣẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni wọ́n ń ní kí aláìsàn máa lò lọ, nítorí bí a bá dá wọn dúró lójijì, àìsàn náà lè padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má dá ìyá yẹn nìkan lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì tó ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn rara láàárín àwọn tó wá kí aláìsàn ni ó lé òtítọ́ sá. Àmánà ni ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Ẹni tó gbọ́ sì gbọ́dọ̀ lè lò ó. Ní New York, ní 1984, Libby Zion, ọmọ ọdún 18, kú ní ilé ìwòsàn. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ló bá lọ, ṣùgbọ́n phenelzine ló ń lò, wọ́n sì fún un ní pethidine. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ohun tó pa á. Síbẹ̀, ikú rẹ̀ ló fa òfin 1989 níbẹ̀, pé kí dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ má ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀.

Bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá kọ̀ láti sọ ọ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ̀ ńkọ́? Imaamu Nawawi, tó kú ní 1277, ka ìdí 6 tó mú kí sísọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn tọ́, ìkìlọ̀ láti dènà ewu sì wà nínú wọn. Mo ka ti dókítà mọ́ ọn. (Ti àna yàtọ̀, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Kí ẹ̀gbọ́n pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó fi páálí oògùn náà lé e lọ́wọ́. Kò pọn dandan kó ṣàlàyé bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀.