Lékèélékèé àti Gúnnugún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, Suuratul-An‘aam (6:38) kọ́ wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹyẹ. Lékèélékèé ń tẹ̀lé màlúù, ó ń ṣa kòkòrò jẹ. Gúnnugún ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ kí ó tó dá àrùn sílẹ̀. Ọlọ́hun ló rán àwọn méjèèjì níṣẹ́. Síbẹ̀, lékèélékèé kò sí nínú ewu, ṣùgbọ́n láti 2015 ni àjọ àgbáyé IUCN ti ka gúnnugún mọ́ àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Májèlé ń pa á. Àwọn tí ń ra orí rẹ̀ lọ́jà fún àwúre náà ń pa á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá orogún fún Ọlọ́hun, ó sì ń run ìjọ kan. Ẹ jẹ́ kí á tọrọ oríire lọ́wọ́ Ẹni tí ó dá ẹyẹ. Aamiin.